Kí Ni Díráìfù Ń Wí? Ọ̀rọ̀ Afìróṣàpèjúwe Yorùbá àti Àyẹ̀wò Ìró Àjèjì Nínú Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò àwọn ìró àjèjì tí a lè gbọ́ láti inú háàdì díráìfù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Èrò wa ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń ṣàpèjúwe ìró jẹ́ irinṣẹ́ tí ó tó gbára lé láti fi ṣe ìyàtọ̀ láàrin ìró tí kò léwu àti èyí tí ó léwu. A ṣàlàyé bí díráìfù ṣe ń ṣiṣẹ́, a to ìró méje lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, a sì fi ìrírí kan láti Iléṣà gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ẹ̀dà iṣẹ́ ẹni ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe, kí a tó máa wá ìdí ìró.

1.0 Ìfáàrà

Láyé àtijọ́, orí àwọn àgbà ni àká ìmọ̀ Yorùbá. Lónìí, olùkọ́ Yorùbá tí ó bá lọ gba ìtàn, oríkì tàbí orin sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, inú kọ̀ǹpútà ni ó ń kó o sí. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, máàkì ìdánwò, àkọsílẹ̀ ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà níbi tí a ti ń gbọ́ ‘ulé’ dípò ‘ilé’, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú àpótí kékeré kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, èyí tí à ń pè ní háàdì díráìfù. Bí àpótí yìí bá bàjẹ́ tí kò sì sí ẹ̀dà níbòmíràn, àká ti dòfìfo nìyẹn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, díráìfù inú kọ̀ǹpútà òǹkọ̀wé yìí kún. A ra òmíràn ní ìsọ̀ kan ní Òṣogbo, wọ́n bá wa fi sínú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì kó gbogbo ohun tí ó wà nínú ti àtijọ́ sínú tuntun. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, nílé wa ní Iléṣà, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti pa rọ́rọ́, a gbọ́ ìró kan tí a kò gbọ́ rí nínú ẹ̀rọ náà. A pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá wa fi díráìfù náà sí i lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ nìyí:

“Ẹ̀ńjíníà, ẹ̀rọ yìí ń pariwo.”

“Irú ariwo wo ni, sà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹnu ṣe é.”

“Ó ń dún gbìrì-gbìrì. Tó bá sì ṣe díẹ̀, á tún dún ká.”

“Gbìrì-gbìrì yẹn, síkúrù ni, sà. Ká yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Ṣé kò tíì di kọ́-kọ́-kọ́?”

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè rí ni ó fi ìró ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta ya ìṣòro mẹ́ta sọ́tọ̀, láìfi ojú rí ẹ̀rọ, láìfi ọwọ́ kàn án. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni ní èdè náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

2.0 Ohun tí ó wà nínú díráìfù

Kí a tó lè mọ ìtumọ̀ ìró, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń dún. Háàdì díráìfù kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní 305 RAMAC. Àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, ìbú àwo kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ínṣì 24. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 5 lẹ́tà péré ni ó lè gbà. Èyí tí à ń fi sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká lónìí ni wọ́n ń pè ní oní-ínṣì 2.5, bí ó bá jẹ́ tẹ́ráábáìtì kan, ohun tí ó lè gbà tó nǹkan bí ìlọ́po 200,000 ti àkọ́kọ́ yẹn.

Àwo dídán kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó wà nínú díráìfù. Mọ́tò kékeré ni ó ń yí i ní ìgbà 5,400 láàrin ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 90 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn mìíràn ń yí ní ìgbà 7,200. Apá kékeré kan wà lẹ́bàá àwo náà, tí ó jọ apá tí ó ń gbé abẹ́rẹ́ sórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù láyé ọjọ́un. Ẹnu apá yìí ni orí tí ń kọ̀wé sórí àwo, tí ó sì ń kà á, wà. Ṣùgbọ́n orí yìí kì í kan àwo. Afẹ́fẹ́ tí yíyí àwo ń dá sílẹ̀ ni ó gbé e dúró, àlàfo tí ó wà láàrin wọn kò sì tó ìdá kan nínú 1,000 ìnípọn irun orí ènìyàn. Níwájú irú àlàfo bẹ́ẹ̀, òkúta ńlá ni ẹyọ eruku kan jẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìdérí díráìfù nínú ilé tàbí nínú ìsọ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Bí kò bá sí iṣẹ́, apá náà yóò padà sí ibùsùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ìgbà tí ó bá ń lọ sùn ni a máa ń gbọ́ ìró kékeré kan. Bí iná bá lọ lójijì, tí bátìrì kọ̀ǹpútà sì ti kú, ńṣe ni apá náà yóò sá padà pẹ̀lú ipá, ìró rẹ̀ yóò sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ilẹ̀ wa tí iná mànàmáná ti máa ń lọ láìdágbére, bátìrì tí ó ṣì lágbára jẹ́ ààbò fún díráìfù.

Oríṣi mìíràn tí à ń pè ní SSD kò ní àwo, kò ní apá, kò sì ní mọ́tò. Bí kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ pé SSD nìkan ni ó ní bá ń pariwo, fáànù ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìdún ni àìkú. SSD lè bàjẹ́ láìkìlọ̀ rárá. Díráìfù alàwo tí ń ké ṣì fún olówó rẹ̀ ní àǹfààní àtisá àsálà.

3.0 Ọ̀rọ̀ afìróṣàpèjúwe nínú èdè Yorùbá

Yorùbá kì í sọ pé nǹkan dún lásán. A máa ń sọ bí ó ṣe dún. Igi ńlá a wó gbì, ilẹ̀kùn a pa dé gbàgà, omi a sì máa kán tó, tó, tó. Irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí, tí ìró wọn fúnra rẹ̀ ń gbé ìtumọ̀ wọn yọ, ni a pè ní ọ̀rọ̀ afìróṣàpèjúwe nínú iṣẹ́ yìí. Yíwọlá Awóyalé wà lára àwọn onímọ̀ èdè tí wọ́n ti kọ̀wé lórí wọn.

Ohun mẹ́ta ni ó wúlò fún wa nínú ìhun wọn. Èkíní ni ohùn. Ohùn òkè sábà máa ń bá ohun kékeré, ohun fífúyẹ́ tàbí ohun mímú lọ. Ohùn ìsàlẹ̀ sì sábà máa ń bá ohun ńlá tàbí ohun wíwúwo lọ. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ‘róbótó’ àti ‘ròbòtò’. Ìkejì ni gígùn fáwẹ̀lì. Fáwẹ̀lì tí a fà gùn, bí i ti ‘wùùù’, ń sọ fún wa pé ìró náà kò dáwọ́ dúró. Ìkẹta ni àpètúnpè. ‘Ká’ lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí ‘ká-ká-ká’, nítorí pé ọ̀kan ń tọ́ka sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí ó sì parí, èkejì ń tọ́ka sí ohun tí kò yé ṣẹlẹ̀.

Etí tí ó ti mọ ìyàtọ̀ ohùn lẹ́nu onídùndún kò ní ṣàìmọ ìyàtọ̀ ohùn nínú ẹ̀rọ. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ara wa pé, ‘Ṣé ohùn òkè ni tàbí ohùn ìsàlẹ̀? Ṣé fífà ni tàbí gígé? Ṣé ó ń tún ara rẹ̀ pè?’, a ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò nìyẹn.

4.0 Ìró méje àti ìtumọ̀ wọn

Àwọn ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí kì í ṣe òfin. Ẹlòmíràn lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn ṣàpèjúwe ìró kan náà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn.

(i) Wùùù: Ìró ìsàlẹ̀ tí ń lọ bọrọgidi láìyípadà. Àwo ni ó ń yí. Kò léwu.

(ii) Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́: Ìró fífúyẹ́ tí kò ní ìwọ̀n kan pàtó, tí ó máa ń wáyé bí a bá ń ṣí fáìlì tàbí tí a bá ń kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn. Apá ni ó ń sáré káàkiri lórí àwo. Díráìfù tuntun lè dún báyìí ju ti àtijọ́ lọ. Kò léwu.

(iii) Gbìrì-gbìrì: Ìró ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ wa lè fura sí lára kọ̀ǹpútà. Díráìfù kò jókòó dáadáa ni: síkúrù kò mú, tàbí wọn kò dá férémù rẹ̀ àti rọ́bà tí ń gbà á mọ́ra padà. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, nítorí pé gbígbọ̀n kò bá orí tí ń kàwé lára mu.

(iv) Ká: Ìró mímú kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti sinmi díẹ̀. Apá ti lọ sùn. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò léwu. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 10, ọ̀rọ̀ ti di ìṣirò. Ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ ìgbà 360 ní wákàtí kan. Ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ fún wákàtí 8 lójúmọ́ yóò mú kí apá náà sùn ní ìgbà 2,880. Ọ̀pọ̀ díráìfù alágbèéká ni wọ́n ṣe láti fara da ìgbà 300,000 tàbí 600,000. Ní ìwọ̀n yìí, a ó ti lo 300,000 tán láàrin oṣù mẹ́rin.

(v) Píì-píì: Ìró tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lágbára, láìsí ‘wùùù’ lẹ́yìn rẹ̀. Mọ́tò fẹ́ yí àwo, kò lè yí i. Ó lè jẹ́ pé iná tí ó ń dé ibẹ̀ kò tó, ó sì lè jẹ́ pé orí ti lẹ̀ mọ́ àwo. Ó léwu.

(vi) Kọ́-kọ́-kọ́: Ìró gbígé tí àlàfo àárín rẹ̀ dọ́gba bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, tí kọ̀ǹpútà sì ń dúró gbagidi tàbí tí kò dá díráìfù mọ̀ mọ́. Orí ń wá ọ̀nà rẹ̀ lórí àwo, kò rí i. Ó padà, ó tún gbìyànjú. Ó léwu gidigidi.

(vii) Kẹ̀rẹ̀rẹ̀: Ìró fífà bí ọlọ tí ń lọ ata. Orí ti kan àwo, ó sì ń họ ibi tí iṣẹ́ wa wà. Kí a pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀ ni. Gbogbo ìṣẹ́jú tí a bá tún fi tàn án ni ó ń jẹ lára ohun tí à bá rí gbà sílẹ̀.

5.0 Ìlànà àyẹ̀wò

Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Èyí ni ìpìlẹ̀ ìlànà tí a là sílẹ̀ yìí.

Èkíní, kí a ṣe ẹ̀dà. Bí díráìfù bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kí a kó ohun tí kò ní àrọ́pò sínú díráìfù àfẹ́yìntà tàbí fíláàṣì kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ohùn àwọn àgbà ni kí ó ṣáájú, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó tẹ̀ lé e. Orin àti fíìmù tí a lè rí níbòmíràn lè kẹ́yìn. Bí ìró náà bá jẹ́ ‘kẹ̀rẹ̀rẹ̀’, kí a má tilẹ̀ gbìyànjú èyí. Ọ̀dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gbígba iṣẹ́ sílẹ̀ nínú díráìfù ni kí a gbé e lọ.

Ìkejì, kí a mọ ibi tí ìró ti ń wá. Kí a pa ohùn kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ pátápátá, kí a sì fi ọwọ́ wo ibi tí fáànù ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde. Bí iyèméjì bá ṣì wà, kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ díráìfù kúrò, kí a wá tan ẹ̀rọ náà láìsí i. Bí ariwo bá ṣì ń dún, díráìfù kọ́ ló jẹ̀bi.

Ìkẹta, kí a wo ìjókòó rẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ tí a sì ti yọ bátìrì bí ó bá ṣeé yọ, kí a rí i pé síkúrù pé, pé ìwọ̀n wọn bá ihò mu, àti pé ẹnu díráìfù wọlé dáadáa.

Ìkẹrin, kí a ka àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀. Díráìfù kọ̀ọ̀kan máa ń kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ètò tí à ń pè ní SMART. CrystalDiskInfo lórí Windows, tàbí smartctl lórí Linux, yóò kà á fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun mẹ́rin ni kí a wò: iye wákàtí tí ó ti fi ṣiṣẹ́, iye ìgbà tí apá ti lọ sùn, iye ibi tí ó ti bàjẹ́ lórí àwo tí a ti fi òmíràn rọ́pò, àti iye ibi tí kíkà rẹ̀ ń nira. Nínú díráìfù tuntun, iye wákàtí kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí òdo, méjì ìkẹyìn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Bí ‘ká’ bá ti pọ̀ jù, kí a dín ètò tí ń fi iná pamọ́ fún díráìfù kù.

Ìkarùn-ún, kí a dá a padà. ‘Kọ́-kọ́-kọ́’, ‘píì-píì’ àti ‘kẹ̀rẹ̀rẹ̀’ kì í ṣe ohun tí síkúrù lè tún ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbá a, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé e sínú fíríìjì gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń gbani nímọ̀ràn. Omi tí yóò sẹ̀ sára rẹ̀ lè pa ìyókù.

6.0 Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa

A padà sí ìtàn Iléṣà. A fún síkúrù le lóòótọ́, ‘gbìrì-gbìrì’ sì dákẹ́. Nítorí pé ariwo ńlá ti lọ, a kò ka kékeré sí mọ́. A kò ṣe ẹ̀dà, a kò sì ka àkọsílẹ̀ ìlera. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, a lọ sí abúlé kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a sì gba ìtàn ìdílé kan sílẹ̀ lẹ́nu bàbá àgbàlagbà kan, pẹ̀lú oríkì tí ó ní àwọn ọmọ òun kò mọ̀. A kó o sínú kọ̀ǹpútà, a sì pa á rẹ́ nínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kí àyè lè wà fún òmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́. Láàrin ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ó dá díráìfù náà mọ̀ kẹ́yìn, àkọsílẹ̀ tí ó yẹ kí a ti kà ní alẹ́ ọjọ́ kẹta fi hàn pé ó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí tí ó lé ní 9,000. Wákàtí 8,760 péré ni ó wà nínú ọdún kan. Díráìfù tí a rà ní tuntun kì í ṣe tuntun. A gbé e padà sí Òṣogbo, a sì jókòó ti olùtajà bí òṣómàáló títí tí owó wa fi pé. Gbogbo iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá ṣì wà nínú díráìfù àtijọ́, nítorí pé a kò tíì fi í tọrẹ. Ṣùgbọ́n ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn lọ. Kí a tó padà sí abúlé náà, bàbá ti dágbére fáyé. Owó padà, ohùn bàbá kò padà.

7.0 Ìlò rẹ̀ nínú kíláàsì

Olùkọ́ lè fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní ọ̀rọ̀ afìróṣàpèjúwe. Kí ó gba ìró fáànù, ìró díráìfù àti ìró ilẹ̀kùn sílẹ̀ sórí fóònù, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ó gbọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan ka ohun tí ó kọ fún ẹnìkejì tí kò gbọ́ ìró náà, kí onítọ̀hún sì sọ ohun tí ó rò pé ó ń dún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi àmì ohùn sí ibi tí kò yẹ yóò rí i pé òun ti sọ síkúrù di àwo tí ń họ. Níbẹ̀ ni yóò ti yé e pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ó sì yẹ kí ẹ̀ka wa kọ̀ọ̀kan ní ìlànà ìpamọ́: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà ní ìlú mìíràn. Ohun tí ó wà ní Iléṣà, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní Òṣogbo. Ní Òṣogbo kan náà ni àwọn àwòrán àti ìwé tí Ulli Beier, tí ó kú ní ọdún 2011, kó jọ nípa àṣà Yorùbá wà ní ibùdó àṣà tí à ń pè ní Centre for Black Culture and International Understanding, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2009. Wọ́n wà títí di òní nítorí pé ẹnì kan kà wọ́n sí ohun tí ó yẹ ní pípamọ́. Ohun tí àwa náà ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà wa kò kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ìró inú díráìfù ní ìtumọ̀, àti pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi tú u. ‘Wùùù’ àti ‘kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́’ kò yẹ kí ó dẹ́rù bani. ‘Gbìrì-gbìrì’ ń fẹ́ síkúrù. ‘Ká’ ń fẹ́ ìṣọ́ra. ‘Píì-píì’, ‘kọ́-kọ́-kọ́’ àti ‘kẹ̀rẹ̀rẹ̀’ ń dágbére. Ṣùgbọ́n mímọ ìtumọ̀ ìró nìkan kò gba ẹnikẹ́ni là. A mọ̀ ọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kẹta yẹn, a kò sì ṣe nǹkan kan sí i. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí olùkọ́ tí ó bá ka àpilẹ̀kọ yìí ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ lónìí, kí ó tó gbọ́ ìró kankan.